Ejirin Tàbí Ejìnrìn: Ìtàn Bí Yorùbá Ṣe Ń Tún Àkọsílẹ̀ Ara Wọn Ṣe

Ọ̀nà méjì ni àwọn ìwé àtijọ́ gbà kọ orúkọ Ejìnrìn, ìlú ọjà tó wà létí ọ̀sà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Èkó ti ń pàdé àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀bú tó ń ru epo pupa àti ẹkùrọ́ bọ̀ láti òkè. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìṣòwò wà lára ohun tó fa ogun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Ẹ̀pẹ́ gbé wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Oṣù Karùn-ún 1892, nítorí náà orúkọ àwọn ìlú etí ọ̀sà kò ṣọ̀wọ́n nínú ìwé ìjọba àti ti oníṣòwò. Akọ̀wé kan a kọ Ejirin, òmíràn a kọ Ejinrin. Ẹni tó yọ n àkọ́kọ́ sílẹ̀ kò ṣe ohun tí kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbà ṣe kọ "obirin" fún ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń kọ ní obìnrin lónìí. Ó lè jẹ́ pé ìránmú tó wà nínú "rin" tó kẹ́yìn ló bo ti èyí tó ṣáájú mọ́lẹ̀ létí wọn.

Sísọ fún òǹkọ̀wé pé báyìí kọ́ ni a ń kọ ọ́ ti di iṣẹ́ ojoojúmọ́ láàárín àwọn tó ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà. Nínú sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ẹnikẹ́ni ló lè fi àtúnṣe ránṣẹ́, ẹlòmíràn a sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Aṣàyẹ̀wò ń wá àléébù tó lè da iṣẹ́ rú, ó sì tún ń wo ìlànà ìkọ̀wé: àyè mélòó ló wà níwájú ìlà, báwo ni a ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ, ibo ló yẹ kí ìlà pin sí. Ọ̀rọ̀ ìlànà yìí kì í sábà ba iṣẹ́ jẹ́, síbẹ̀ òun ló ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù. Àwọn Yorùbá ti ṣe irú awuyewuye yìí lórí ìwé tiwọn láti 1843 títí dé 1974, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́ orúkọ GitHub, ojúlé tí irú àyẹ̀wò kóòdù bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé àtúnṣe kì í wọlé títí tí òfin tó wà lákọsílẹ̀ yóò fi wà, tí ẹni tó ń tún nǹkan ṣe yóò sì lè fọwọ́ tọ́ka sí i.

John Raban, míṣọ́nnárì Church Missionary Society (CMS) ní Freetown, ti tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ àwọn Akú, bí wọ́n ṣe ń pe Yorùbá níbẹ̀, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1830. Ajayi Crowther, ọmọ Ọ̀ṣoògùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀ jáde ní 1843. Ó mú un gbòòrò sí i ní 1852, Bíṣọ́ọ̀bù Vidal sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i. Láàárín ọdún wọ̀nyí, Henry Venn, akọ̀wé CMS ní London, ti gbé òfin jáde ní 1848 nípa bí ó ṣe yẹ kí a kọ èdè tí kò tíì ní ìwé. Ní 1854, Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ tó ní kí a máa fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà fún ìró tí lẹ́tà Róòmù kò ní. Irú lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Baptist láti Amẹ́ríkà, tún gbé gírámà àti ìwé atúmọ̀ tirẹ̀ jáde ní 1858, Smithsonian Institution ló sì tẹ̀ ẹ́.

Òǹkọ̀wé pọ̀, òfin tí gbogbo wọn jùmọ̀ fọwọ́ sí ni kò sí. Ṣé kp ni kí a kọ fún ìró tó bẹ̀rẹ̀ "pupa", àbí p nìkan tó, níwọ̀n ìgbà tí Yorùbá kò ní ìró p ti Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé sh ni, àbí s tó ní àmì lábẹ́? Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta kọ lẹ́tà sí London, ọkọ̀ òkun gbé e lọ, èsì sì pẹ́ kó tó padà. Níbi tí kò bá sí òfin, etí ẹni ni ẹ̀rí ẹni: òyìnbó ní òun gbọ́ ọ báyìí, ọmọ onílé ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Kò sí bí àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ṣe lè parí, nítorí kò sí ohun tí ẹni tí a tún ìwé rẹ̀ ṣe lè lọ wò láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ní Oṣù Kìíní 1875 ni ìpàdé tó yí èyí padà wáyé ní Èkó. Crowther, tó ti di bíṣọ́ọ̀bù nígbà náà, ló ṣe alága. Àwọn tó péjọ fara mọ́ ẹ, ọ àti ṣ; wọ́n fi p sílẹ̀ láìfi k ṣíwájú rẹ̀; n ni yóò máa fi ìránmú fáwẹ̀lì hàn; àmì tí ó gun òkè àti èyí tó wá sí ìsàlẹ̀ ni yóò máa fi ohùn hàn. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìpàdé yìí, lẹ́yìn lẹ́tà tí wọ́n yàn, ni pé wọ́n kọ ìpinnu wọn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, olóòtú tó bá pa sh rẹ́ tó fi ṣ rọ́pò rẹ̀ kò ní láti sọ pé etí òun ló dára jù. Ó lè sọ pé ohun tí ìpàdé Èkó fẹnu kò sí nìyí.

Ibi tí ìpinnu ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ìwé ti ṣọ̀kan. Ibi tí kò ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, rúdurùdu ló kù síbẹ̀. Àmì ohùn ni àpẹẹrẹ tó burú jù. Nínú Bíbélì tí wọ́n parí ní àwọn ọdún 1880, àmì wà lórí ọ̀rọ̀ kan, kò sí lórí èyí tó tẹ̀ lé e, èyí tí olóòtú rò pé ó lè ṣini lọ́nà nìkan ló sábà máa ń ní àmì. Ṣùgbọ́n ohun tó lè ṣi ènìyàn kan lọ́nà kọ́ ló lè ṣi èkejì. Òfin tó bá ní "ẹ lò ó níbi tó bá yẹ" kò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò.

Fún àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ìpàdé Èkó, ìtẹ̀wé ló pọ̀, òfin tuntun kò pọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó bíi Eko Akete, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1922, àti Akede Eko tí I. B. Thomas dá sílẹ̀ ní 1928, ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìwé Ògbójú Ọdẹ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní 1938. Lẹ́tà òjé tí ilé ìtẹ̀wé bá ní ni wọ́n ń lò, bí àmì bá wà, ó wà, bí kò bá sí, òǹkàwé a fi orí ara rẹ̀ pe ohùn. Àwọn ìwé kan fi àmì róbótó sí abẹ́ ẹ àti ọ, àwọn mìíràn fi ọ̀pá kékeré tó dúró ṣánṣán síbẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Kọ̀ǹpútà kò gbà bẹ́ẹ̀, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló ṣí ojú ìwé tuntun ní 1965 pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó fi yẹ àkọtọ́ Yorùbá wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní 1966, ìgbìmọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Ìwọ̀-Oòrùn gbé kalẹ̀ jábọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Kíka àbá ọdún wọ̀nyí dà bí ìgbà tí ènìyàn ń ka àyẹ̀wò kóòdù tó dára: ohun tó wà, ohun tó yẹ kó wà, àti ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kí a má kọ "aiye" àti "aiya" mọ́, nítorí pé kò sí i kankan nínú ìró wọn. Ayé àti àyà ni. "Enia" ń fi ìró y pa mọ́, ènìyàn ni. "Yio" di yóò, "nwọn" di wọ́n, "obirin" di obìnrin.

Ọ̀rọ̀ àmì fàágùn ló fi ọgbọ́n wọn hàn jù. Àtijọ́, "ãfin" ni wọ́n ń kọ, àmì kan lórí a láti sọ pé ó gùn. Àléébù rẹ̀ ni pé fáwẹ̀lì gígùn lè ní ohùn méjì, bíi ti oògùn, tí o àkọ́kọ́ wà ní ohùn àárín, tí èkejì sì wà ní ìsàlẹ̀. Àmì kan ṣoṣo kò lè gbé ohùn méjì. Nítorí náà, kí a kọ fáwẹ̀lì náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ohùn tirẹ̀: ààfin, oògùn. Ẹni tó bá kórìíra ìkọ̀wé tuntun náà lè bínú sí i, ṣùgbọ́n kò lè sọ pé wọn kò sọ ìdí fún òun.

Ibi tí ìdí kan kò ju èkejì lọ, wọ́n kàn mú ọ̀kan ni. Ìró ọn àti an kò yàtọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá. Òfin ní kí a kọ ọn lẹ́yìn kọ́ńsónáǹtì tí ètè ń pè, bíi ti ìbọn àti pọ́n, kí a sì kọ an lẹ́yìn ìyókù, bíi ti ìtàn àti iṣan. Ẹnikẹ́ni lè jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ pé ìdàkejì ni ì bá dára, kò sí ohun tí èdè yóò pàdánù lọ́nà méjèèjì. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ìlànà ìkọ̀wé, ìwúlò rẹ̀ sì ni pé ó ti parí àríyànjiyàn.

Wọ́n tún ọ̀rọ̀ tó lẹ̀ mọ́ra pín: "nigbati" di nígbà tí, "tani" di ta ni, "nitorina" di nítorí náà. Wọ́n ní Yorùbá kì í fi kọ́ńsónáǹtì méjì tó bára mu tẹ̀ léra, nítorí náà "Offa" di Ọ̀fà, "Otta" di Ọ̀tà. Ní 1974, Joint Consultative Committee on Education, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́, fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun náà. Èyí ni àwọn ilé-ìwé ń kọ́ ọmọ títí di òní, òun sì ni olùkọ́ ń fi báírò pupa rẹ̀ ṣọ́.

Láàárín ọdún wọ̀nyí gan-an, àwọn tó ń kọ kóòdù ń wá òfin tiwọn. Ní 1976, Michael Fagan ti ilé-iṣẹ́ IBM gbé ìlànà kan jáde fún yíyẹ kóòdù wò: ìpàdé tí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ àléébù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rí i. Ní 1978, Stephen Johnson ní Bell Labs ṣe lint, ètò kan tó ń ka kóòdù èdè C tó sì ń tọ́ka sí ohun tó fura sí. Àwọn òfin kan nínú iṣẹ́ náà dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ìlà tí kò gbọdọ̀ kọjá lẹ́tà 80 wá láti káàdì alálùlu IBM ti 1928, tó ní òpó 80; káàdì ti wọlé lọ, òfin rẹ̀ ṣì wà láàyè. Linus Torvalds, tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, kọ ìlànà ìkọ̀wé kan fún un, ó sì fi àwàdà sọ nínú rẹ̀ pé kí ènìyàn tẹ ìlànà ìkọ̀wé ti GNU, iṣẹ́ sọ́fítíwíà mìíràn, sórí ìwé, kó má kà á, kó dáná sun ún. Ní 2001, Guido van Rossum àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ PEP 8 fún èdè Python: àyè mẹ́rin níwájú ìlà, ìlà kan kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 79 lọ.

Àwọn tó ṣe èdè Go, tó jáde ní 2009, kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹnu mọ́. Wọ́n ṣe gofmt, tó ń to kóòdù fúnra rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Prettier ṣe bẹ́ẹ̀ fún JavaScript ní 2017, Black ṣe bẹ́ẹ̀ fún Python ní 2018. Kò sí ẹni tó fẹ́ràn gbogbo ohun tí ètò wọ̀nyí ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò lórúkọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jà. Ìlànà àyẹ̀wò tí Google tẹ̀ jáde ní 2019 wá sọ ohun tó kù fún ènìyàn láti ṣe: ìwé ìlànà ni àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé; ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, ìfẹ́ inú ni, aṣàyẹ̀wò kò sì gbọdọ̀ fi dá ẹlòmíràn dúró. Bí ó bá fẹ́ sọ nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀, kó kọ "Nit" síwájú rẹ̀, kí ẹni tó ni kóòdù mọ̀ pé kò di dandan.

Ìtàn méjèèjì pàdé nígbà tí Yorùbá wọ kọ̀ǹpútà. Unicode, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ní ẹ, ọ àti ṣ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, àwọn ará Vietnam tí wọ́n ń lo ẹ àti ọ sì wà lára ìdí rẹ̀. Kò ní ẹ́ tàbí ọ̀ ní lẹ́tà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ wọn gbọ́dọ̀ kọ ẹ kó tó gbé àmì ohùn lé e. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. A lè kọ ẹ́ pẹ̀lú ẹ àti àmì òkè, a lè kọ ọ́ pẹ̀lú é àti àmì abẹ́, a sì lè kọ e lásán pẹ̀lú àmì méjì lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú. Bí ètò kò bá kọ́kọ́ sọ wọ́n dọ̀kan, ẹni tó ń wá "iṣẹ́" kan kò ní rí èkejì. Ọ̀pá kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà nínú àwọn ìwé àtijọ́ tún padà wá síbí: U+0329 ni nọ́ńbà rẹ̀, àmì róbótó sì ni U+0323. Àtòpọ̀ Unicode kì yóò sọ àwọn méjèèjì yìí dọ̀kan láé, nítorí pé lójú rẹ̀, àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Àwọn iṣẹ́ Yorùbá tí kóòdù wọn wà ní gbangba kan òkúta yìí. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé atúmọ̀ orúkọ, YorubaName.com, jáde ní 2016, wọ́n sì fi kóòdù rẹ̀ sí gbangba. Ní 2018, Iroro Orife tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì padà sórí Yorùbá tí wọ́n kọ láìlámì, ó sì fi kóòdù àti àkójọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí èdè Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ ní 2019, àkójọ gbólóhùn MENYO-20k sì jáde ní 2021. Iṣẹ́ kan ní 2020, tí Jesujoba Alabi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí Yorùbá àti Twi, fi hàn pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ yàn, tí àmì rẹ̀ pé, wúlò fún ẹ̀rọ ju ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ tí wọ́n kó jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ àmì tí àwọn àgbà ń fojú fò ti wá di ohun tí a lè fi nọ́ńbà wọ̀n.

Nínú irú iṣẹ́ wọ̀nyí, àtúnṣe tó ní "àmì yín kò dára" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tó kọ ọ́ lè rò pé ohùn ni wọ́n ń sọ, nígbà tó jẹ́ pé àmì abẹ́ ni. Èyí tó wúlò yóò sọ ìlà tí ó wà, yóò sọ pé U+0329 ló wà níbẹ̀, pé U+0323 ni iṣẹ́ yìí ń lò, yóò tọ́ka sí ibi tí ìwé ìlànà ti sọ bẹ́ẹ̀, yóò sì sọ àṣẹ tí ènìyàn lè pa fún kọ̀ǹpútà kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí iṣẹ́ náà kò bá ní ìwé ìlànà, ìwé ìlànà ni kí aṣàyẹ̀wò kọ́kọ́ lọ kọ. Bíbá ènìyàn wí nítorí òfin tí kò sí kò yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1875. Ẹ̀kọ́ mìíràn ni pé kí ẹ̀rọ ṣe ohun tó bá lè ṣe. Títo àmì Unicode lẹ́sẹẹsẹ kò yẹ kó gba àkókò ènìyàn. Ṣùgbọ́n bóyá ọkọ́, ọkọ̀ tàbí ọ̀kọ̀ ni òǹkọ̀wé ní lọ́kàn, ẹni tó gbọ́ èdè ni yóò sọ ọ́, ó sì yẹ kó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀.

Orúkọ ènìyàn àti orúkọ ìlú ni òfin 1974 kò rí mú dáadáa. Ẹbí tó ti ń kọ sh láti ìgbà bàbá ńlá wọn kò rí ìdí tí wọn yóò fi yí i padà, Oshodi sì ṣì wà lára pátákó ọ̀nà. Ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè tó ń ṣàkóso Ejìnrìn ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Ikosi-Ejinrin, láìsí àmì kankan. OpenStreetMap, àwòrán ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe, rí ọ̀nà àbáyọ kan: ohun tó wà lára pátákó ni a ń kọ sí ibi orúkọ, àkọtọ́ Yorùbá a lọ sí "name:yo", orúkọ tí kò sí lẹ́nu mọ́ a lọ sí "old_name". Aṣàyẹ̀wò tó bá mọ èyí kò ní pa ohun tí ẹlòmíràn kọ rẹ́. Ibi tó yẹ kó wà ni yóò gbé e lọ.

Òfin tún lè yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìjọba gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ilẹ̀ náà ní 1975, wọ́n sì tún un ṣe ní 1990. Nínú rẹ̀, ɛ ni wọ́n ń kọ níbi tí Nàìjíríà ti ń kọ ẹ, ɔ níbi tí a ti ń kọ ọ, sh níbi tí a ti ń kọ ṣ. Olóòtú láti Èkó tó bá rí i lè rò pé àṣìkọ ni, bẹ́ẹ̀ òfin ló tẹ̀ lé. CLDR, àkójọ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àti fóònù ti ń mú orúkọ oṣù àti ọjọ́, ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: fáìlì yo jẹ́ ti Nàìjíríà, fáìlì yo-BJ sì jẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ní ti àkọ́kọ́ ni Shɛ́rɛ́ ní ti èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo orí fáìlì náà kó tó wo lẹ́tà inú rẹ̀.